Báyótẹkinọ́lọ́jì wà nínú ìkòkò irú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa ké sí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kétu: kí wọ́n gbé irú wọ kíláàsì láti fi kọ́ni ní báyótẹkinọ́lọ́jì, ìyẹn lílo ohun abẹ̀mí láti ṣe nǹkan tó wúlò. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń sọ irúgbá di irú. Bí wọ́n bá ti bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n tún un sè, kí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n dì í ní gbígbóná fún ọjọ́ 2 sí 3. Omi tó bá ṣẹ́ kù ló ń bà á jẹ́. Bí kò bá gbóná tó, kò ní fà bí ilá. Ẹbí kòkòrò yìí náà ni àwọn iléeṣẹ́ ń sìn nínú àgbá irin fún ẹ́ńsáìmù inú ọṣẹ ìfọṣọ, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́, èyí tó ń yọ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀.

Òǹkàwé yín, Kétu