Alùpùpù ńlá kì í ṣe ọ̀kadà tó sanra

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Nígbàkúùgbà tí alùpùpù ńlá bá gbé ènìyàn ṣubú lójú títì, gbólóhùn kan náà ni ìwé ìròyìn wa máa ń kọ: eré àsápajúdé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣe fún ìdíje, tí ẹni tó ń gùn wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ lé táńkì. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí à ń pè ní kúrúsà: ìjókòó rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún nà síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ìwo màlúù. Wọn kò ṣe èyí fún eré. Lójú èmi tí mò ń tún un ṣe, ohun tó ń ba òun àti olówó rẹ̀ jẹ́ ni pé bí a ti ń lo ọ̀kadà la ṣe ń lò ó, lójú títì àti lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé àlàyé yìí jáde fún ẹni tó bá fẹ́ rà á àti ẹni tó ti rà á.

Yamaha V Star 650 ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Drag Star ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1998 títí dé 2016, nítorí náà, èyíkéyìí tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀ ti dàgbà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 649 cc, sìlíńdà méjì tó yà bíi lẹ́tà V. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò lo omi. Jíà 5 ló ní, ṣáfúùtì, ìyẹn ọ̀pá irin kan, ló sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Agbára rẹ̀ jẹ́ bí agbára ẹṣin 40 péré, síbẹ̀ ó wúwo ju kìlógíráàmù 220 lọ tí epo bá kún inú rẹ̀, bí ìgbà tí a so ọ̀kadà méjì pọ̀. Ìwúwo yìí ni orísun gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ bi ọlọ́kadà léèrè bíréèkì tó ń lò, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi hàn yín. Wọ́n ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ti iwájú máa ń gbé ènìyàn fò ṣánlẹ̀. Lórí V Star, dúróòmù lásán ni bíréèkì ẹ̀yìn. Èyí tó ń dá ẹrù náà dúró ni dísìkì iwájú tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 298. Bí a bá ti tẹ bíréèkì, ìwúwo alùpùpù àti ti ènìyàn á sún síwájú, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹni tó bá wá fi gbogbo agbára tẹ ti ẹ̀yìn nìkan, táyà ẹ̀yìn á há, á máa fà lórí ọ̀dà, ìdí alùpùpù á gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo bó ṣe ń fà yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró rárá.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Ẹ dá iná padà, ìyẹn ni pé kí ẹ dín epo tí ọwọ́ ọ̀tún ń fún ẹ́ńjìnì kù, ẹ fi ìka fún bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, títí ṣọ́ọ̀kì iwájú á fi tẹ̀ wọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi agbára kún un. Kí ẹsẹ̀ náà máa tẹ ti ẹ̀yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣekú pani nínú ti iwájú ni kí a já a gbà lójijì, kí ìwúwo tó dé orí táyà. Bí táyà iwájú bá há, ẹ tú ìka sílẹ̀ kíákíá, kí ẹ tún un fún. Kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, tí yóò bá yín ṣe é. Ẹ lọ sí pápá tó ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi eré kìlómítà 30 ní wákàtí ṣe é ní ìgbà 10, kí ẹ tó gbé e dé 50. Lórí iyanrìn, tàbí nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí epo ojú títì ń yọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, kí ẹ sì dín ti iwájú kù.

Ibì kan wà tí ìka kò gbọ́dọ̀ kan ti iwájú rárá: nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́bọ́kọ́bọ́ nílé epo tàbí lẹ́nu géètì. Tí ẹ bá yí ọwọ́ alùpùpù tán tí ẹ sì tẹ bíréèkì iwájú, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ yí i sí ló máa ṣubú sí lójú ẹsẹ̀. Ẹ di kúlọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà, mú dé ààbọ̀, ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú yín sì wà níbi tí ẹ ń lọ. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ ló máa lọ.

Tó bá sì ń ṣubú, ẹ jẹ́ kó ṣubú. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè dá kìlógíráàmù 220 dúró tó bá ti kọjá ààbọ̀, egungun ìdí àti kókósẹ̀ ló máa san án. Láti gbé e dìde, ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ fi í sí jíà kíní kó má baà yí lọ. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló ṣubú sí, ẹ ti na irin ìdúró rẹ̀ tó wà lápá òsì sílẹ̀ kó tó dìde, kó má baà gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, ẹ lóṣòó, ẹ di etí ọwọ́ alùpùpù mú ní ọwọ́ kan àti irin ara rẹ̀ ní ọwọ́ kejì, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kékeré. Ẹsẹ̀ ló ń gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Kọ́nà náà yàtọ̀. Nítorí pé ó sún mọ́lẹ̀, irin ìtẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè ha ọ̀dà bí ó bá ti dàgẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà nígbà tó gbọ́ ìró yẹn, tó sì tẹ bíréèkì nínú kọ́nà, inú gọ́tà ló ń lọ. Kí a ti dín eré kù kí a tó wọ kọ́nà ni, kí a sì fún un níná díẹ̀ bí a ti ń jáde. Bọ́ǹpù ojú títì pẹ̀lú, ẹ rọra gùn ún: ìrìn ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, ìyókù sì di ti eegun ẹ̀yìn yín.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, nínú jíà àti nínú kúlọ́ọ̀ṣì alùpùpù yìí. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n kọ ENERGY CONSERVING sí lára ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀, kúlọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ fún un níná ní jíà 4 tàbí 5, ẹ́ńjìnì pariwo, ṣùgbọ́n eré kò pọ̀ sí i. Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ rí JASO MA níbẹ̀, àmì ọ́ìlì tó bá kúlọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu, kó sì jẹ́ 20W-40 tàbí 20W-50 nítorí ooru tiwa. Lítà 2.6 ló ń gbà tí a kò bá pààrọ̀ fílítà, lítà 2.8 tí a bá pààrọ̀ rẹ̀. Kí alùpùpù dúró ṣánṣán, kì í ṣe kó dàgẹ̀, kí ẹ tó wo ibi tí ọ́ìlì dé.

Ọ̀rọ̀ fílítà yìí ló ń dùn mí jù. Abẹ́ ìdérí kan lápá ọ̀tún ló wà, sàlẹ́ńsà sì dí i lójú. A gbọ́dọ̀ tú sàlẹ́ńsà kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń da ọ́ìlì nù, wọ́n á da tuntun sí i, wọ́n á sì gba owó fílítà tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ẹ dúró tì wọ́n. Kí ẹ rí fílítà àtijọ́ lójú yín, kí ẹ rí rọ́bà róbótó ìdérí rẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá sàlẹ́ńsà padà, kí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ẹnu sìlíńdà méjèèjì. Èyí tí wọ́n bá tún fi ti àtijọ́ dí, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, á sì máa dún bí ìbọn nígbàkúùgbà tí ẹ bá dá iná padà. Mẹkáníìkì mìíràn á wá sọ pé kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni, ẹ á tún san owó kábúrétọ̀.

Kábúrétọ̀ náà ní àìsàn tirẹ̀, àmọ́ àmì rẹ̀ yàtọ̀. Méjì ni wọ́n, ihò kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bẹntiróòlù tó bá dúró níbẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì á gbẹ bí oje igi, á dí i. Alùpùpù á jí tí ẹ bá fa ṣóòkì tó ń fi epo kún un nígbà tó bá tutù, á sì kú ní kété tí ẹ bá dá a padà. Kí ẹ tó rin ìrìn àjò tó gùn tí ẹ kò ní gùn ún, ẹ tú ṣúkúrúù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ méjèèjì, kí epo inú wọn ṣàn jáde.

Fáàfù ńkọ́, àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnì? Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó wọn àlàfo wọn. Ti ibi tí epo ń gbà wọlé jẹ́ mìlímítà 0.07 sí 0.12, ti ibi tí èéfín ń gbà jáde jẹ́ 0.12 sí 0.17. Àwọn ènìyàn máa ń sáré wá nígbà tí fáàfù bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Èyí tó ń dún kò léwu tó èyí tó dákẹ́, torí fáàfù tí àlàfo rẹ̀ ti tán kò ní pa dé dáadáa, iná á sì jó etí rẹ̀.

Ṣáfúùtì kò fẹ́ wàhálà ṣéènì, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Epo jíà tí wọ́n kọ GL-4 àti SAE 80 sí lára, lítà 0.19 péré ni ìdí rẹ̀ lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn ń gbà. Nígbàkúùgbà tí a bá yọ táyà ẹ̀yìn, kí a fi gírísì oní-molybdenum pa eyín tó so táyà mọ́ ọn. Eyín tó bá gbẹ á dípẹtà, á jẹra, lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnì á máa yí, táyà ò sì ní tẹ̀ lé e.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà náà ni. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Táyà tó ti kọjá ọdún 6, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún, bó tilẹ̀ ṣì dúdú tó ń dán, torí rọ́bà rẹ̀ ti le, kò lè di ọ̀dà tútù mú mọ́. Epo bíréèkì náà ń gbó: DOT 4 ni kó jẹ́ (irú epo nìyẹn, kì í ṣe DOT ti ara táyà), kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ó máa ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ìka yín á sì tẹ òfìfo.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù kò rí afẹ́fẹ́. Tí ọkọ̀ bá dúró ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ pa á.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó tan án. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè yín. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ lọ yí i bọ̀: tó bá ń há láàárín, bíárìn ọrùn rẹ̀ ti lọ. Kí bátìrì wọn fóòtì 12.6 tó bá wà ní pípa, kó sì wà láàárín 13.5 sí 14.5 tí ẹ bá fún un níná. Kí nọ́ńbà ara irin ọrùn rẹ̀ bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Ìwé ìwakọ̀ tí yóò bo yín ni èyí tí wọ́n kọ A sí. Ti mọ́tò nìkan kò tó.

Àwọn tó rántí oṣù Ṣẹẹrẹ 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé akoto, yóò rántí àwọn ọlọ́kadà tó gbé igbá àti agolo ọ̀dà dé orí. Akoto tòkunbọ̀ tó ti já bọ́ rí kò sàn jù igbá lọ, torí fóòmù inú rẹ̀ máa ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mọ́ra, kí ẹ sì so okùn rẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré. Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún dé ibi tí kúrúsà ti ṣubú, kó wo ojú ọ̀dà bóyá ìlà dúdú táyà ẹ̀yìn nìkan ló wà níbẹ̀. Kó fún bíréèkì iwájú wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀, kó ka nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà, kó sì kọ wọ́n sínú ìròyìn rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì alùpùpù,
Mushin, Èkó