Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí owó iná adágún fi ń ju owó pọ́ǹpù lọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa nílùú Abẹ́òkúta, ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ kú owó níná.

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wá ra pọ́ǹpù adágún lọ́dọ̀ wa: kí ló dé tí owó fífa iná dé etí omi fi máa ń ju owó pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lọ, nígbà tí rewáyà àdúgbò lè fi ẹ̀kìténṣàn parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ó yẹ ká ṣàlàyé, torí láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní so pọ́ǹpù 230 fólítì fún ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò bá sí RCD (ẹ̀rọ kékeré tó ń gé iná bí iná bá ń jò) nídìí rẹ̀.

Bírékà tó wà nílé yín, wáyà ni wọ́n ṣe é láti máa ṣọ́, kì í ṣe èèyàn. Bírékà 16 áńpù kò ní já àfi tí iná tó ń gba inú rẹ̀ bá kọjá 16 áńpù. Bẹ́ẹ̀ iná tó lè dá ọkàn èèyàn dúró kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpù kan ṣoṣo. Kí ọmọdé tọwọ́ bọ omi tí iná ti jò sí, bírékà á kàn máa wòran ni. RCD ní tirẹ̀ ń wọn iná tó jáde lọ mọ́ èyí tó padà wá. Bí wọn ò bá dọ́gba, á jẹ́ pé iná ti ń gba ibòmíì wọlẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ara ẹnìkan ló ń gbà. Èyí tí à ń lò máa ń já bí ìyàtọ̀ náà bá ti tó 30 mílíáńpù, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn àgbà oníná ṣì ń pè é ní ELCB. Bọ́tìnnì kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù tí iná bá wà. Bí kò bá já, ẹ má fọwọ́ kan omi, ẹ pè wá.

Ti wáyà ńkọ́? Wáyà ilé lásán la sábà máa ń bá nínú koríko, tí wọ́n so pọ̀ létí omi, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Ẹ tú téèpù náà wò: kọ́pà á ti di aláwọ̀ ewé, omi á sì máa kán jáde nínú rẹ̀. Téèpù kì í dá omi dúró. Wáyà àmọ́ọ̀dù, èyí tó ní irin lára, là ń rì mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ọkọ́ àti okété má baà dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa níbí sì lágídí. Lọ́wọ́ Olúmọ àti Ìtòkò, ẹ lè má tíì gbẹ́ jìnnà tí ẹ ó fi kan àpáta. Níbẹ̀, inú páìpù lára ògiri là ń gbà, kì í ṣe ara fẹ́ǹsì tí ìjì lè bì wó. Àpáta yìí náà ló ń ba áàtì jẹ́, ìyẹn wáyà àti ọ̀pá irin tó ń darí iná tó bá jò wọlẹ̀, torí àpáta kì í gbé iná dáadáa. A ní láti wá ibi tó tutù, nígbà mìíràn ká ri ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta, ká sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Iyọ̀ àti èédú tí àwọn kan ń dà sí i kì í pẹ́. Òjò á fọ iyọ̀ náà lọ. Iṣẹ́ yìí ló ń jẹ owó jù.

Ẹ̀yin tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ ká wò ó kí ẹ tó gbé pọ́ǹpù sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni neutral wọn (wáyà tí iná ń gbà padà) kò kan ilẹ̀, RCD sì lè má já lórí wọn bó ṣe yẹ.

Fún adágún kékeré tó wà fún ẹwà nìkan, pọ́ǹpù 12 fólítì la fẹ́ràn jù. Tiransífọ́mà rẹ̀, èyí tó ń dín agbára iná kù, á wà nínú ilé, níbi gbígbẹ. Fún ẹja àrọ̀ tó pọ̀, agbára rẹ̀ lè má tó.

Ẹ má fi wáyà fa pọ́ǹpù jáde nínú omi, okùn ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná kí ẹ tó tọwọ́ bọ omi, kódà bí NEPA bá ti mú iná lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé.

Ẹni tó bá ti ní pọ́ǹpù nílẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá RCD wà nídìí rẹ̀, kó ya fọ́tò àpótí bírékà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A kì í gbowó fún wíwò.