Okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà tí Adébáyọ̀ Adédèjì là

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí, kí àwọn tọ́rọ̀ kàn lè rí i kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń kó àdìrẹ lọ sí ọjà Dantokpa ní Kùtọnu. Bí a ti ń kúrò nídìí okùn kan tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró là ń kan òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ní kí n tú ẹrù. Ó tẹ́ aṣọ mi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó fi itọ́ sí ìka, ó ń fi ra aró rẹ̀ wò bóyá yóò ṣí, ó wá ní kí n san owó ibodè. Mo ní, "Ọ̀gá, àdìrẹ ni, Abẹ́òkúta la ti fọwọ́ ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kì í san owó ibodè láàárín àwọn ará ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà." Ó ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín?" Mo sanwó, kò fún mi ní rìsíìtì, ó sì tún mú ìró kan.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbọ́ àwọn aláṣẹ lórí rédíò, tí wọ́n ń kan sáárá sí ara wọn nítorí ECOWAS. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ẹni tó sáré kiri kí ẹgbẹ́ náà tó dúró. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1930, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí Gowon tó fi í ṣe kọmíṣọ́nà àpapọ̀ fún ọrọ̀ ajé ní 1971! Ní 1972, Gowon àti Eyadéma, ààrẹ Tógò, fohùn ṣọ̀kan láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1973, Adédèjì àti mínísítà kan láti Tógò bọ́ sọ́nà, wọ́n ń ti olú ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fi sùúrù bá àwọn ìjọba sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ Faransé ń bẹ̀rù pé Nàìjíríà fẹ́ gbé àwọn mì. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975, orílẹ̀-èdè 15 buwọ́ lu ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ l'Ékòó. Àwọn àgùnbánirọ̀ tí ẹ ń rí káàkiri yìí náà, lábẹ́ rẹ̀ ni ètò wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Láti 1975 títí di 1991, òun ló darí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà ní Addis Ababa. Ibẹ̀ ló ti ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ ìṣòwò ti ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, èyí tó di COMESA. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí Báńkì Àgbáyé ń tì lẹ́yìn, ń lọ aráàlú mọ́lẹ̀, òun ló ko Báńkì Àgbáyé lójú ní 1989, tó gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹrin 2018. Oṣù kan ṣáájú, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà ní Kigali, Nàìjíríà ò sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà, àfi ní 2019. Ó dùn mí títí dòní.

Wọn ò dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Owó tí òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni gbà ni wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà tó là.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí wọ́n ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀ ní gbogbo ẹnubodè àti nídìí gbogbo okùn. Kí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ àwọn ohun tí kì í san owó ibodè: irè oko, ẹran ọ̀sìn, iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Kí wọ́n kọ èyí tó nílò ìwé ẹ̀rí sí abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé owó tí kò bá ní rìsíìtì kì í ṣe ti ìjọba, kí nọ́ńbà tí a lè pè sì wà níbẹ̀. Orúkọ Adébáyọ̀ Adédèjì ni kó wà lókè pátápátá, kí ẹni tó bá bi wá pé ta ló sọ fún wa lè kà á fúnra rẹ̀. Kí wọ́n dín okùn kù. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ nípa ọkùnrin yìí nílé ìwé.

Bó bá jẹ́ owó pátákó ni kò sí, àwa aládìrẹ ṣetán láti dá a. Kí wọ́n ṣáà gbà wá láyè.

Èmi ni,
Ìyá Aládìrẹ,
Abẹ́òkúta.