Bá Mi Bá Bùsáyọ̀ Sọ̀rọ̀ Kí Ọjọ́ Ẹtì Tó Dé

Kẹ́mi ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara rẹ ti mọ́ ibẹ̀? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an ni. Ara ìyá mi ti yá, àbúrò mi ti bímọ obìnrin, mo ti kó kúrò nínú ilé tó o mọ̀ yẹn, ìyókù kò ju ọpẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò lóru yìí, ọ̀rọ̀ Bùsáyọ̀ ni, kò sì ṣe é fi di ọ̀la.

Ó ti parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀! Nígbà tó fi ránṣẹ́ sí mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dún tí gbogbo nǹkan dàrú yẹn. Mo kà á láti orí dé ìdí, iṣẹ́ gidi ni. Ojú ìwé ìdúpẹ́ ni àyà mi ti já. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó dárúkọ ìwọ àtèmi, ó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pè é ní "my notorious supervisor". Kò tíì tán o: ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé obìnrin náà "is notorious for her kindness".

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ pé òkìkí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kàn, pé wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àmọ́ ní èdè Yorùbá, òkìkí lè kàn sí rere, ó lè kàn sí búburú, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé e ló máa sọ èwo ni. "Notorious" kì í dúró de ọ̀rọ̀ kankan. Bó o bá ti gbọ́ ọ báyìí, o ti mọ̀ pé àléébù ló ń bọ̀. Al Capone tó kó ìpayà bá ìlú Chicago, tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1931 nítorí owó orí tí kò san, "notorious gangster" ni wọ́n ń pè é. Òpùrọ́ paraku, "notorious liar". Ọ̀nà tí ọkọ̀ ti máa ń dànù lójoojúmọ́, "notorious for accidents". Wò ó bí "for" ṣe ń tẹ̀lé e, tí ẹ̀sùn á sì tẹ̀lé "for". Ọmọ wa wá mú inú rere, ó gbé e sí ààyè ẹ̀sùn. Ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di "notoriously" nìkan ni ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀: ìṣirò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó le, "notoriously difficult" ni, kò sì sí ẹni tí ìyẹn bú.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Kò gbà. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè sọ pé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì fi dù ú. Látinú èdè Látìn ló ti wá, "notus", ẹni mímọ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti "notice" ti jáde. Nígbà tó wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, láyé ọdún 1500 sí 1600, ó ṣe é lò fún ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lásán, láìsí àbùkù nínú. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ di òní: "notorious facts" ni ohun tó hàn sí gbogbo ènìyàn débi pé kò nílò ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n iwájú olè àti òpùrọ́ ni wọ́n ń gbé e sí ṣáá, títí ìwà wọn fi ràn án. Ta ló máa ka ìwé ìdúpẹ́ bí ẹni ń ka ìwé òfin?

Ó tún ní ṣebí "Notorious RBG" ni wọ́n ń pe Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó kú lọ́dún 2020, tayọ̀tayọ̀ ni ìyá náà sì fi jẹ́ orúkọ ọ̀hún. Òótọ́ tún ni. Àmọ́ ìnagijẹ ni. Ọdún 2013 ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ti fà á yọ látinú orúkọ olórin ráàpù tí wọ́n ń pè ní Notorious B.I.G., Brooklyn ni wọ́n sì bí àwọn méjèèjì sí. Adùn rẹ̀ ni pé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, tó rọra ń sọ̀rọ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀wù àwọn ọ̀daràn wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá burú ni, kí ni ì bá dùn nínú rẹ̀?

Láàárọ̀ yìí ló wá fi ránṣẹ́ pé kí ìjà tán, òun máa yí i padà sí "infamous". Áà! Ó rò pé ẹni tí òkìkí rẹ̀ ju ti "famous" lọ nìyẹn. Kẹ́mi, ẹni tí òkìkí búburú kàn ni "infamous", ìyẹn gan-an ló tún burú jù.

Ohun tó ń dùn mí ni ìwà rere ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Nígbà tí Bùsáyọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, òun ló gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń ka orí kẹta sí i létí, tó ń fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí Bùsáyọ̀ bá fi orí júwe. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni Bùsáyọ̀ ti máa gba lẹ́tà ìjẹ́rìí tó fẹ́ fi wá iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa di ìwé náà pọ̀.

Látìgbà ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn, gbogbo ohun tí mo bá sọ fún un ló ń dà bí ìbáwí létí rẹ̀. Tìrẹ ló máa gbọ́. Jọ̀wọ́, pè é, má wulẹ̀ kọ̀wé, jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ. Kọ́kọ́ kí i kú oríire dáadáa, ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kó fi "renowned" sí ibi méjèèjì, "renowned for her kindness", kò sí ohun mìíràn tó nílò àtúnṣe. O lè sọ pé èmi ni mo rán ọ, mi ò fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún un. Fi èsì ránṣẹ́ sí mi kíákíá, ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí n ó fi gbọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ àtọdúnmọ́dún,
Fọlákẹ́