Ẹ fún àlọ́ láàyè lórí tẹlifíṣàn wa, kó lè rí ẹni gbè é

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí èdè wa. Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Ìṣẹ́yìn ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́ àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n gbé fóònù kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́rin wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n jókòó ti kátúùnù, àfi gbàù, NEPA mú iná lọ, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, fóònù tí wọ́n tún fẹ́ sá sídìí ẹ̀ náà ti fẹ́ kú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní "Ààlọ́ o!" Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún 11, ló wá bi mí pé, "Màmá, kí la máa sọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá dáadáa o, tí ìyá ẹ̀ ò fi gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọ, kò mọ̀ pé "Ààlọ̀" là ń dáhùn.

Mo kọ́ wọn. Mo fi àpamọ̀, àlọ́ tí à ń ní kí ọmọ já, bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún wa, torí àpamọ̀ ló máa ń ṣíwájú kí wọ́n tó kan àpagbè, ìyẹn àlọ́ onítàn tó ní orin, òun ló máa ń lé oorun lójú ọmọ. Mo ní òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ọ̀kan ní ọ̀bọ ni, ọ̀kan ní àwọn ọlọ́mọge tó ń lọ ìyàwó ni. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀wà ni, àbúrò wọn obìnrin dìde lọ sí kíṣìnì pẹ̀lú tọ́ṣì, ó bu ẹ̀wà lọ́wọ́, ó wá ń wo ojú dúdú tó wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní "òótọ́ ni, wọ́n lé tìróò!" Ẹyọ ẹ̀wà tó ti ń jẹ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni o, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ló bá kan Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, bí babaláwo ṣe se àsèjẹ fún Yánníbo kó lè lóyún, tí Ìjàpá fi ojúkòkòrò jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà tí ikùn ẹ̀ sì wú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá orin ẹ̀, ọmọ kan péré ló gbè é, "àlùgbinrin", ohùn ẹ̀ kéré. Ìgbà kejì, méjì. Nígbà tó máa fi dẹ̀ẹ̀kẹta gbogbo wọn ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ ilé kejì ti fo fẹ́ǹsì wá, bàbá tó ń hun òfì ní òdìkejì títì náà ń gbè é látorí bẹ́ǹṣì ẹ̀. Iná dé, kò sẹ́ni tó wọlé lọ wo kátúùnù.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ fún àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Yorùbá nìyí, pàápàá àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fi owó wa ṣe: tẹ́ ẹ bá fẹ́ to pírógíráàmù kọ́tà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àlọ́ ní wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà wá bá wa ní agboolé.

Àwọn kan máa ń sọ pé tẹlifíṣàn ló pa àlọ́. Èmi ò gbà. Ọdún 1959 tí wọ́n bí mi náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn tó sì kún orí ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́njú ni àwọn eléré tó ti ń fi mọ́tò kiri ìlú tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọ Baba Sàlá. Nígbà tó di NTA, a rí Kóòtù Aṣípà ti olóògbé Oyin Adéjọbí, ẹjọ́ ilé, ẹjọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ wa gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilé onítẹlifíṣàn kan ṣoṣo ní àdúgbò ni gbogbo wa ti ń wò ó, àwọn àgbà lórí àga, àwọn ọmọdé nílẹ̀, wọ́n á máa dá sí ẹjọ́ yẹn bíi pé àwọn náà wà ní kóòtù. Tẹlifíṣàn náà lè jẹ́ agboolé, mo ti rí i.

Nígbà tí NTA wá gbé Tales by Moonlight jáde lọ́dún 1984, mo ti ń ṣe tíṣà, inú mi dùn sí i gan-an, torí ìtàn wa ni wọ́n ń sọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà sì fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì burú nítorí gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó kù ló yẹ kí àwọn tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ wa gbà ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àtàwọn tíṣà méjì míì tó ti fẹ̀yìntì gbéra lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan, mi ò ní dárúkọ wọn torí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò ṣe dáadáa sí wa, ó fún wa lómi, ó tẹ́tí gbọ́ wa, ó ní ètò yìí dáa, ó wá ní ta ni onígbọ̀wọ́ yín, èló lẹ ní fún éátáìmù? A wo ojú ara wa. Pẹ́ńṣàn la fi ń jẹun. Mo mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, mo mọ̀ pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an kì í tètè jáde, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó lówó nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ìjọba, ìwàásù àti ìkíni ọjọ́ ìbí olówó làwọn ọmọ wa á máa wò. Òfin NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn, ní kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ètò orí tẹlifíṣàn jẹ́ tiwa-n-tiwa, ó yẹ kí àlọ́ rí ààyè díẹ̀ jókòó sí níbẹ̀.

Ẹ ò nílò sítúdíò, ẹ má sì wọ aṣọ òkè fún ìyá arúgbó kẹ́ ẹ gbé e jókòó síwájú òdòdó oníke. Ẹ wá lálẹ́, ẹ bá a nídìí ààrò tàbí lórí ẹní ẹ̀, kí àwọn ọmọ tiẹ̀ yí i ká, kẹ́ ẹ gbé máíkù sún mọ́ àwọn ọmọ yẹn dáadáa, torí ẹnu wọn ni àlọ́ wà. Tí ìyá bá ti pe "Ààlọ́ o", kí kámẹ́rà dúró díẹ̀, kí ọmọ tó ń wò ó nílé náà ráyè dáhùn. Àlọ́ ti wà lórí YouTube, mo mọ̀, àmọ́ dátà ọ̀wọ́n ni fún ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, àwòrán yẹn sì máa ń sáré jù, kì í dúró gbọ́ ẹnì kankan. Kí ará Èkìtì pa tiẹ̀ lẹ́nu Èkìtì, kí ará Ìjẹ̀bú pa tiẹ̀ lẹ́nu Ìjẹ̀bú.

Ẹ sì tọ́jú ẹ̀. Láyé káàsẹ́ẹ̀tì ńlá ńlá yẹn, torí pé ó wọ́n, nǹkan tuntun ni wọ́n ń gbà lé orí èyí tó ti wà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ eré àtijọ́ ṣe parẹ́ nìyẹn. Mẹ́mọ́rì kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí, kò sí àwíjàre.

Màmá kan wà ládùúgbò mi tó ti lé ní 80 ọdún, àlọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíì ju mẹ́wàá lọ. Ohùn wọn ṣì já gaara, àmọ́ ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n ní àwọn ti ṣetán, ìgbàkigbà tí kámẹ́rà bá dé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, ọ̀kan nínú wọn pè mí lánàá, kò tiẹ̀ kí mi, ó kàn ní "Ààlọ́ o!" Mo ní "Ààlọ̀!" Ó ní ó wà lọ́wọ́ màmá òun tọ̀sán tòru, ó ń sọ̀rọ̀, kò lẹ́nu. Mo ní fóònù ni, ó rẹ́rìn-ín títí. Òun ló ronú èyí fúnra ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, Ìṣẹ́yìn.