Ìpàdé Lórí Àwọn Àìsàn Tó Ṣọ̀wọ́n

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn inú ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la ó pàdé ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn kan, kó tẹ̀lé ìlànà CARE ti ọdún 2013, ìyẹn ìlànà kíkọ ìròyìn nípa aláìsàn kan, kó sì ti gba ìyọ̀ǹda aláìsàn náà. A ò ní gba èyí tí kò ní ìyọ̀ǹda rárá. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì kúrò. Ìyẹn nìkan kò tó o: bí àrùn bá ṣàjèjì, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ẹni náà lásán lè jẹ́ kí àwọn èèyàn dá a mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkọlé yín ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ajé tó parí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́