Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ní kí n yan ẹnì kan ṣoṣo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè tí o bi wá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní kí oníkálukú dárúkọ eléré ìje tó fẹ́ràn jù, ẹyọ kan péré, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán tó fi ní Bolt. Màmá ní Shelly-Ann, obìnrin ará Jàmáíkà tó bímọ tán tó tún padà wá gba ipò kìíní. Ìwọ fúnra rẹ ní Duplantis, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá fò sókè. Nígbà tó kàn mí, mo ní Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Nàìjíríà tó ń sá mítà 400. O wò mí bíi pé n kò gbọ́ ìbéèrè. O ní, "Ṣé ó gba góòlù ni?" Mo ní rárá, ipò kẹta ló ṣe. O ní, "Kí wá nìdí?" Kí n tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti yà sí ibòmíràn.

Ìdí náà kò ṣeé sọ lẹ́ẹ̀kan náà lójú gbogbo ẹbí. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ fún ìwọ nìkan.

N kò bá ẹ̀gbọ́n wa jiyàn. Ta ló máa bá èèyàn jiyàn lórí Bolt? Ọkùnrin tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, tó ga débi pé olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kó gbájú mọ́ 400, òun náà ló wá sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní Berlin ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2009. Lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún sá 200 ní 19.19. Àmọ́ bí mo bá ń wo Bolt, bí ẹni ń wo mànàmáná ni. Ẹnu máa ń yà mí, ṣùgbọ́n ara mi kì í bá a sá a.

Ti Màmá yé mi ju tiwa lọ. Ṣé o rí i pé wọn kò dárúkọ iye àkókò kankan? Ọmọ tí Shelly-Ann gbé lọ́wọ́ yí pápá ká ní Doha ni wọ́n rí. Ó ti gba góòlù mítà 100 ní Olympics 2008 àti 2012, ó bímọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ó ti parí. Ní Doha ní 2019 ó sá 10.71, ó tún di ọ̀gá ní gbogbo àgbáyé. Ní 2022, lẹ́ni ọdún 35, ó tún gbà á, ó sì sá a ní 10.67, ó yára ju ti Doha lọ. Màmá mọ ohun tí ìbímọ ń gbà lára obìnrin. Tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan.

Tìrẹ náà dára. Mo fẹ́ràn bí Duplantis ṣe ń fi sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan gun òkè, láti mítà 6.17 ní 2020 títí dé 6.30 ní Tokyo ní 2025. Nígbà tí gbogbo àwọn tó bá a díje bá ti ṣe tán, òun àti igi tó gbé sókè yẹn nìkan ló máa ń kù. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi mú mi tó bó ṣe mú ọ. Èmi a máa fẹ́ rí ẹni tó ní ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí níwájú.

Ó yá, jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Atlanta.

Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1996 ni, àṣekágbá eré mítà 400 ti obìnrin ní Olympics. Àwọn mẹ́jọ ló tò sí ìlà. Marie-José Pérec ará Faransé wà níbẹ̀, ẹni tó gba góòlù eré yìí kan náà ní Barcelona ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Cathy Freeman ará Ọsirélíà náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 23. Àwọn méjì sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: Fatima Yusuf àti Falilat. Falilat kì í ṣe ọmọdé nínú eré sísá mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ti kọjá láti ìgbà tó ti gba ipò kìíní mítà 200 níbi ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Athens ní 1986. Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń gba irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, a kì í gbúròó wọn mọ́ bí wọ́n bá dàgbà. Òun wà níbẹ̀.

O gbọ́dọ̀ mọ irú ẹranko tí 400 jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ tó yé ọ. Ó gùn ju ohun tí ara lè fi gbogbo agbára sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì kúrú ju ohun tí èèyàn lè rọra máa sá bọ̀. Agbára tó wà nílẹ̀ nínú iṣan kì í pẹ́ tán, èyí tí ara ń sáré ṣe dípò rẹ̀ a sì máa fi nǹkan kíkan sílẹ̀ nínú itan. Lẹ́yìn mítà 300, kò sí ẹni tí eré rẹ̀ kì í dínkù, ì báà jẹ́ ọ̀gá gbogbo àgbáyé. Bí o bá rí ẹni tó dà bíi pé ó tún ń yára sí i ní ìparí, ojú ló ń tàn ọ́. Kò yára sí i. Àwọn yòókù ló ń rẹ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ojú tí mo fi ń wo 400 yí padà. Ìdíje ta ni yóò rẹ̀ kẹ́yìn ni.

Pérec sá 48.25 lọ́jọ́ náà. Ọdún 28 ni àkókò yẹn fi wà gẹ́gẹ́ bí èyí tó yára jù nínú ìtàn Olympics, kí Marileidy Paulino tó sá 48.17 ní Paris ní 2024. Freeman sá 48.63, kò sì tún sá a yára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Falilat tẹ̀ lé wọn ní 49.10. Òun náà kò sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, fún ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kò sì sí obìnrin kankan láti ilẹ̀ Áfíríkà tó sá a jù bẹ́ẹ̀.

Mo mú bírò, mo kọ 49.10 sí ẹ̀yìn ìwé kan. Mo wá ń kọ àkókò tí wọ́n fi gba góòlù nínú àwọn Olympics tó tẹ̀ lé e sí abẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. 2000 ní Sydney: 49.11. Mo dúró, mo tún un wò bóyá mo ṣì í kọ. 2004: 49.41. 2008: 49.62. 2012: 49.55. 2016: 49.44. Nígbà tí mo dé 2021 ní Tokyo ni mo tó rí ẹni tó sá a yára jù ú lọ, Shaunae Miller-Uibo, 48.36. Olympics márùn-ún léraléra, àbúrò mi. Àkókò tí Falilat fi gba idẹ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú márààrún tí wọn kì bá ti fi góòlù kọ́ ẹni tó sá a lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní èèyàn kì í sá eré lórí ìwé, òótọ́ sì ni. Freeman tó gba góòlù ní Sydney kò bá aago sá lọ́jọ́ yẹn. Òun ni wọ́n fún ní iná láti tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà, gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà lórí èjìká rẹ̀. Nígbà tó dé òpin, kò fò sókè, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pápá nínú aṣọ tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ràn òun náà gan-an. Bí o bá gbà mí láyè láti yan ẹni méjì, òun ni èkejì. Nítorí náà, n kò fi bírò mi gba góòlù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ipò kẹta tí o gbọ́ tí o fi wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, lọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò sọ fún ọ rí.

Mo ti sá 400 rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. O kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà náà. Ìbọn dún, mo sì bẹ́ sí i bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Ní ìdajì ọ̀nà, èmi ni mo wà níwájú. Mo ń gbọ́ ariwo, mo rò pé mo ti gbà á. Nígbà tó kù bíi mítà 100, itan mi méjèèjì di igi. Apá mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, etí mi ń hó. Ẹnì kan kọjá mi. Ẹlòmíràn tún kọjá mi. Mo bá yà kúrò lójú ìlà, mo wọ inú koríko, mo sì jókòó. N kò ṣubú. Iṣan mi kò já. Kò sí ohun tó ṣe mí ju pé mo rí ẹ̀yìn èèyàn méjì níwájú mi, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo di ẹsẹ̀ mú, mo ní ó ń dùn mí. Irọ́ ni. Mo ti gbé irọ́ náà pẹ́.

Èèyàn méjì ni Falilat náà rí níwájú rẹ̀. Pérec àti Freeman ti lọ, ó sì dájú pé ó mọ̀ pé wọ́n ti lọ, nítorí kò sí bí èèyàn kò ṣe ní mọ̀. Pauline Davis ará Bahamas sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, 49.28 lòun sá. Bí ó bá dẹwọ́ díẹ̀, kẹrin ni. Nínú mítà 100 tí mo sá kúrò nínú rẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin yìí ti parí eré tó dára jù láyé rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ara mi fi máa ń bá a sá a. Nígbà tó bá dé ibi tí mo ti jókòó, tí mo sì rí i pé ó ń lọ, àyà mi máa ń já, bíi pé n kò mọ bó ṣe máa parí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì tán ní Atlanta. Ní ìparí ìdíje náà, òun ló gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú rìléè mítà 400 ẹlẹ́ni mẹ́rin, lẹ́yìn Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf àti Charity Opara. Amẹ́ríkà parí ní 3:20.91. Nàìjíríà parí ní 3:21.04. Wọ́n yípo pápá lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ohun tó sì wà láàárín góòlù àti fàdákà kò tó ìṣẹ́jú tí èèyàn ń ṣẹ́ ojú tán.

Mo tún ronú kan àwọn ọkùnrin wa ní Sydney ní 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong. Fàdákà ni wọ́n fi kọ́ wọn lọ́rùn níbi rìléè tiwọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó borí wọn jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn olóró, wọ́n sì gba góòlù lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2012 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti Nàìjíríà. Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí débi pé n kì í fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀.

Tobi Amúsàn, ọmọ Nàìjíríà tó ń sá mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi kọjá, ni mo tún fẹ́ kí o wò, nítorí mo mọ̀ pé 12.12 rẹ̀ ní Eugene ní 2022 nìkan ni o mọ̀. Kó tó dé ibẹ̀, ipò kẹrin ló ṣe ní Doha ní 2019, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló fi pàdánù idẹ. Ní Tokyo ní 2021, ipò kẹrin tún ni. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin kì í gun ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni lọ́rùn. Ó kàn máa kó bàtà rẹ̀ ni, kó máa lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó dárúkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Wá fídíò àṣekágbá 1996 yẹn, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan. Wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, wo Pérec, nítorí o kò ní lè ṣe kí o má wò ó, bó ṣe ga tó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. Lẹ́ẹ̀kejì, wo Freeman. Lẹ́ẹ̀kẹta, má wo iwájú rárá. Mú ojú lé Falilat láti ibi tí wọ́n ti yọ nínú kọ́nà tó kẹ́yìn, má sì gbé e kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi kọjá ìlà.

Tí o bá wò ó tán, pè mí. Má ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́, pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ